Ẹni Tó Jẹ, Kò Lè Jẹ́rìí

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi ara yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ máa yàn, iṣẹ́ tí mo ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò sí lára àwọn tí olùkọ́ máa ń dárúkọ ní kíláàsì. Mi ò wo aláìsàn, mi ò ro ẹjọ́, mi ò mọ ilé. Yàrá kan ni mo jókòó sí ní Ìkìrun, tí mo ń pinnu ohun tó yẹ kó wọ ìwé ìmọ̀ àti ohun tó yẹ kó dúró níta. Bí ẹ bá ní irú ọkàn tó máa ń fò sókè bí ilẹ̀kùn bá dún, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn. Èmi ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀, mo sì ṣe é náà, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ń lo oògùn fún lónìí, ibẹ̀ ni mo ti kó o.

Ìwé ìmọ̀ tí mò ń wí yìí ni ìwé gbàǹgbà tí ènìyàn máa ń ṣí bó bá fẹ́ mọ̀ nípa ìlú kan, odò kan, ẹni ńlá kan tàbí ilé iṣẹ́ kan. Tiwa dá lórí agbègbè wa, láti Ìkìrun dé Inísà dé Òkukù àti àwọn ìletò tó yí wọn ká. Ẹni tó bá ṣí i kì í bá a jiyàn. Ohun tó bá bá níbẹ̀ ló máa lọ sọ fún ọmọ rẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nínú iṣẹ́ náà nìyẹn, ó sì ń dẹ́rù bà mí di òní.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, mo mọ táípù tẹ̀, pásítọ̀ wa ní ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Inísà sì mọ Ọ̀gá Adégòkè tó ni ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì gbà mí. Owó oṣù kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Adégòkè ti ṣe olùkọ́ àgbà rí. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ, ẹ̀rín kì í sì yá wọn lára. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ní ká kọ sínú ìwé, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sórí páálí pélébé kan. Lábẹ́ orúkọ náà la máa ń to àwọn ẹlẹ́rìí sí: ta ló sọ ọ́, báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n, kí ló jẹ́ sí ẹni tí a ń kọ nípa rẹ̀. Bí a bá wádìí tán, ọ̀gá á fi bírò pupa kọ ọ̀kan nínú gbólóhùn méjì sí ìsàlẹ̀: "Ó wọlé" tàbí "Ó dúró níta". Odidi ọdún mẹ́wàá ni wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bírò yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ sórí páálí oníṣòwò kan pé gbajúmọ̀ ni. Ọ̀gá pè mí, wọ́n ní kí n tú ọ̀rọ̀ náà. Mo ní gbajúmọ̀ ni ẹni tí igba ojú mọ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo ka àwọn ojú náà. Mo rẹ́rìn-ín, àwọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní igba ojú lè jẹ́ ojú àwọn ẹbí, àwọn oníbàárà àti àwọn tó ń retí nǹkan lọ́wọ́ ẹni náà. Wọ́n ní èyí tí àwọn ń wá ni àlejò kan ṣoṣo tó ń kọjá lọ, tí nǹkan kan kò da òun àti ẹni náà pọ̀, tó sì dúró kọ ohun tó rí sílẹ̀. Mo rò ó nígbà náà pé bàbá yìí kàn le lásán ni.

Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ rán mi jáde, Ìgbayè ni mo lọ. Ìdílé kan níbẹ̀ ní bàbá bàbá àwọn ló kọ́kọ́ gbin kòkó sí ilẹ̀ náà. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n gúnyán, wọ́n se ẹran ọ̀yà, wọ́n fi àga ọlọ́lá sí abẹ́ mi. Mo padà dé, mo kọ ojú ìwé mẹ́ta tó dán bíi dígí. Ọ̀gá kà á délẹ̀, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n bi mí ohun tí mo jẹ níbẹ̀. Mo ní iyán ni. Wọ́n ní kí ni mo fi jẹ ẹ́. Mo ní ẹran ọ̀yà.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú ìwé tí o kọ. Mojí, ẹni tó jẹ, kò lè jẹ́rìí."

Wọ́n ya ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí méjì níṣojú mi. Wọ́n fi jẹ àti jẹ́ ṣeré, àmọ́ kò sí eré lójú wọn. Mo lọ sunkún lẹ́yìn ilé, mo dé, mo nu ojú, wọ́n tún rán mi padà sí Ìgbayè.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe rí láàárín wa. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ onílé, wọ́n á ní ó fura sí wọn ni, tàbí kí wọ́n ní ìgbéraga ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀gá ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i. Ẹ̀pà sísè máa ń wà lápò wọn, omi máa ń wà nínú ìgò wọn, bí wọ́n bá sì dé ilé tí wọ́n ti ń jẹun, tí onílé ní "Ẹ bá wa jẹun," ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Á gba ibi ire o," wọ́n á sì wá ìjókòó tó jìnnà sí àwo. Ó ti pẹ́ tí gbogbo Yorùbá ti ń dáhùn bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bínú sí i. Mo kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Kí n tó mọ bírò pupa dì mú, "Á gba ibi ire" ni irinṣẹ́ mi àkọ́kọ́, mo sì lò ó débi pé àwọn ará ilé mi ní inú mi kò gba oúnjẹ àwọn mọ́.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi kòtò tèmi hàn yín.

Mo ti tó ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọ̀gá. Wọ́n gbé bírò pupa lé mi lọ́wọ́ pé kí n parí ìdìpọ̀ kejì ìwé wa. Ilé búrẹ́dì kan ní Òkukù wà lára ohun tó wà níwájú mi. Ìdílé tó ni ín sọ pé òun ni àkọ́kọ́ ní ìlú náà. Mi ò jẹ búrẹ́dì wọn o, mo ti gbọ́n. Mo béèrè ẹlẹ́rìí, wọ́n sì kó ìwé mẹ́ta jáde: ìwé ètò ìsìnkú bàbá tó dá ilé búrẹ́dì náà sílẹ̀, ìwé ìrántí àjọ̀dún ìjọ kan, àti kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ohun kan náà. Ọkàn mi balẹ̀, mo kọ "Ó wọlé", ìwé sì bọ́ sí ilé ìtẹ̀wé.

Ìwé kò tíì jáde ju oṣù méjì lọ nígbà tí ìyá arúgbó kan wọ ọ́fíìsì wa. Ìyá Ráhẹ́ẹ̀lì ni orúkọ wọn, wọ́n ti Òkukù wọ mọ́tò wá. Wọn kò pariwo. Wọ́n tú páànù búrẹ́dì méjì jáde nínú àpò wọn, páànù tó ti dúdú tí etí rẹ̀ ti jẹ, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tuntun náà. Wọ́n ní àwọn ti ń yan búrẹ́dì fún àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú reluwé kí bàbá onílé búrẹ́dì yẹn tó ti Gánà dé, pé ọ̀dọ̀ àwọn gan-an ni bàbá náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun.

"Ọmọ mi, mi ò bá yín jà," ni wọ́n wí. "Ẹ kàn sọ fún mi. Ta lẹ bi?"

Ta ni mo bi? Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo tú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Àkọ́bí bàbá náà ló kọ ìwé ètò ìsìnkú. Òun ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ṣe ìwé ìrántí ìjọ. Òun náà ló ní kí wọ́n tẹ kàlẹ́ńdà. Mo lọ bá ọ̀gá nílé, mo rò ó fún wọn, mo ń retí kí wọ́n bú mi. Wọn kò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ẹnu mẹ́ta, ahọ́n kan." Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

A ṣèlérí fún Ìyá Ráhẹ́ẹ̀lì pé a máa tún un ṣe nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Ìtẹ̀jáde kò tètè bọ̀, àwọn ló kọ́kọ́ lọ. Mo lọ síbi ìsìnkú wọn ní Òkukù. Mo ṣí ìwé ètò, mo ń wá búrẹ́dì, mi ò rí i. "Oníṣòwò" nìkan ni wọ́n kọ síbi iṣẹ́ wọn. Mo bi ọmọ wọn obìnrin léèrè. Ó ní àwọn kò fẹ́ kí ènìyàn máa pe ìyá àwọn ní òpùrọ́ lọ́jọ́ ìsìnkú wọn, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló wà nínú ìwé ìmọ̀. Kò mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè bá wọn dé itẹ́ òkú.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ẹni tó ń ka ohun kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbà á gbọ́. Mo máa ń jáde ní ọ́fíìsì tán, mo máa ń padà láti wo páálí kan sí i. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, mo máa ń rò pé páànù ló wà nínú àpò rẹ̀.

Irinṣẹ́ wá ń yí padà. Táípù lọ, kọ̀ǹpútà dé, ọ̀gá ṣaláìsí, ọmọ wọn tó ń gbé òkè òkun gba ilé iṣẹ́, ó ní ká gbé gbogbo ìwé náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fún mi ní Múkáílà, ọmọ Ìkìrun, ọkùnrin tó ti ní ìyàwó àti ọmọ méjì, onísùúrù, tó mọ ẹ̀rọ ju bí mo ṣe mọ orin ìjọ lọ. Ohun tí èmi àti ọ̀gá ń fi oṣù kan wá, Múkáílà á ti rí i kó tó kírun Àsárì tán. Òtítọ́ rí ọ̀kadà gùn, àmọ́ irọ́ náà rí bàálù wọ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí wa láti orí fóònù rẹ̀. Àwa tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á kọ èrò wa sí abẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wa á kọ gbólóhùn àtijọ́ ti ọ̀gá: ó wọlé, tàbí ó dúró níta.

Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo tún ṣe níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ búrẹ́dì Òkukù. Múkáílà bá mi rí ìwé kan tí òṣìṣẹ́ reluwé kan kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Àjèjì ni, kò bá ẹnikẹ́ni tan ní Òkukù, ó sì kọ ọ́ pé obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ráhẹ́ẹ̀lì nìkan ló ń ta búrẹ́dì ní ìdíkọ̀ reluwé ibẹ̀ ní ọdún tí òun débẹ̀. Ìlà kan péré ni. Mo ka ìlà yẹn, mo gbórí lé tábìlì.

Ẹ̀yin á rò pé ó tán síbẹ̀. Kò tán.

Ọdún mẹ́ta kí n tó fẹ̀yìn tì, rọpárọsẹ̀ mú bàbá Tóyìn, ọkọ mi. Apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn kò sì fẹ́ jẹ ohunkóhun. Lára àwọn tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Ìyá Fọlákẹ́, àbúrò mi nínú Olúwa. Ó ti bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ títà lábẹ́ àtíbàbà kan létí títì Inísà. Bí oníbàárà bá sáré dé pé ṣé ọbẹ̀ ò tíì tán, á ní, "Ọbẹ̀ ò tán," ni wọ́n bá fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìgbà tí mò ń wí yìí, Ọbẹ̀-Ò-Tán ti di mẹ́ta: ọ̀kan ní Inísà, ọ̀kan ní Ìkìrun, ọ̀kan ní Òkukù. Odidi oṣù mẹ́rin ni Ìyá Fọlákẹ́ fi ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ wá sílé mi lójoojúmọ́. Kò gba kọ́bọ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń yọ egungun ẹja kúrò. Àjẹkù bàbá Tóyìn ni èmi náà máa ń jẹ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó yá, bàbá Tóyìn jókòó, wọ́n dúró, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ ìkórè, mo jáde síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Mo ní oògùn ṣe tirẹ̀, àdúrà ṣe tirẹ̀, àmọ́ ọbẹ̀ Ìyá Fọlákẹ́ ló gbé aláìsàn mi dìde. Ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo padà sórí bẹ́ǹṣì. Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀.

Ọdún tí mo máa fẹ̀yìn tì ni ilé oúnjẹ ńlá kan ti ìlú ńlá dé sí Ìkìrun. Wọ́n fi iná aláràbarà sí iwájú rẹ̀, wọ́n sì kọ "Ọbẹ̀ Kì Í Tán" sórí pátákó. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn èrò ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi Ìyá Fọlákẹ́ bóyá ẹ̀ka ilé oúnjẹ ńlá yẹn ni tirẹ̀, àwọn mìíràn sì ní òun ló jí orúkọ olórúkọ. Bí ènìyàn bá tẹ orúkọ náà sórí fóònù, àwọn onílé ńlá yẹn ló ń yọ. Ó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ tí mo fi ẹnu ara mi sọ ló fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ yìí. Wọ́n ní bó bá wà nínú ìwé yín, kò sẹ́ni tó máa jiyàn." Mo ní kó fi sílẹ̀, a máa wò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, Fọlákẹ́ ọmọ rẹ̀ tó ti jáde yunifásítì fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́, orí tábìlì mi ló sì balẹ̀ sí. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí mo bá ní kó dúró níta, mo tún ti sin Ìyá Ráhẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kejì, láàyè lọ́tẹ̀ yìí. Bí mo bá ní kó wọlé láìtọ́, mo ti di àkọ́bí onílé búrẹ́dì. Bàbá Tóyìn bi mí ohun tó ń ṣe mí, mo ní ibà ni.

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni Fọlákẹ́ kó sí abẹ́ rẹ̀: ìròyìn kan nínú ìwé ìròyìn, ètò kan tí wọ́n ṣe lórí rédíò, àti àmì ẹ̀yẹ tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kan fún wọn. Múkáílà wò wọ́n, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Màmá, mẹ́ta rèé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì bá ara wọn tan. Ó ti wọlé." Ẹ wo bí mo ṣe fẹ́ gbà á gbọ́. Ọwọ́ mi ti ń wá bọ́tìnì.

Mo ní kó jẹ́ kí n kà á lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ọbẹ̀ wọn ti gbé aláìsàn dìde. Olóòtú rédíò ní, ẹ wá gbọ́ nípa ọbẹ̀ tó gbé aláìsàn dìde. Wọ́n fín in sára àmì ẹ̀yẹ pẹ̀lú: fún ọbẹ̀ tó ń gbé aláìsàn dìde. Aláìsàn wo? Mo pe oníròyìn náà lórí fóònù. Ó ní inú ìwé pélébé tí wọ́n ń pín ní ilé oúnjẹ náà lòun ti rí i. Mo pe Fọlákẹ́. Mo ní ta ni aláìsàn tí ọbẹ̀ gbé dìde.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, bàbá Tóyìn ni. Ẹ̀rí tí ẹ jẹ́ lọ́jọ́ ìkórè ni mo kọ sínú ìwé pélébé wa. Mo rò pé inú yín máa dùn."

Ẹnu mẹ́ta, ahọ́n kan. Ẹnu tèmi ni ahọ́n náà wà.

Múkáílà kò gbọ́ ohun tí a sọ. Bí mo bá dákẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Mo rò ó o, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo rò ó ní gbogbo ọ̀sán yẹn. Ṣé irọ́ wà nínú rẹ̀ ni? Ṣé ọkọ mi kò dìde? Àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo tọrọ ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ Múkáílà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àlejò tí ọ̀gá máa ń wí. Mo lọ sí Òkukù, mo lọ sí Èkó-Ẹndẹ, mo bi awakọ̀, mo bi olùkọ́, mo bi nọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tí kò mọ Ọbẹ̀-Ò-Tán. Àwọn kan ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà àtíbàbà, wọ́n ń rò ó fún mi, wọ́n ń pọ́nnu lá. Igba ojú mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Mo bi ẹnì kọ̀ọ̀kan bóyá ó mọ ẹnì kan tó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ta ló ń kọ ọbẹ̀ sílẹ̀?

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo kọ ọ́ sí abẹ́ àkọsílẹ̀ náà pé: "Mo jẹ níbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ọkọ mi ni aláìsàn tí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wí, ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹ má ka ohùn mi mọ́ ọn." Mo fi orúkọ mi sí i. Múkáílà kà á, ó wò mí, ó tún un kà. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú." Ó kọ ọ́: ó dúró níta. Mo ní kó fi ojú kan náà wo àkọsílẹ̀ tí àwọn "Ọbẹ̀ Kì Í Tán" fi ránṣẹ́. Ẹnu ara wọn ni gbogbo tiwọn náà ti wá, ìyẹn náà dúró níta.

Mi ò fi rán ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi wọ mọ́tò dé Inísà. Ìyá Fọlákẹ́ ń to àwo nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Kò gbé àwo kankan sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé irọ́ lẹ pa ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

"Òótọ́ ni mo sọ."

"Ṣé ọbẹ̀ mi kò gbé bàbá Tóyìn dìde?"

"Ó gbé wọn dìde."

"Ẹ wá kọ ọ́."

"Mi ò lè kọ ọ́. Mo jẹ níbẹ̀."

Ó wá rọra sọ pé, "Ìyẹn ni pé gbogbo ẹni tó mọ bí ọbẹ̀ mi ṣe rí lẹ́nu, kò sí èyí tó lè sọ ọ́ nínú wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wọ mọ́tò délé, bí ìbéèrè Ìyá Ráhẹ́ẹ̀lì ṣe ń bá mi kiri. Láti ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó kúrò lórí bẹ́ǹṣì wa. Ó ń kí mi, ó ń kúnlẹ̀ kí mi pàápàá, àmọ́ ìkíni ẹni tí kò mọ ilé ẹni ni. Báyìí ni mo ṣe fẹ̀yìn tì. Wọ́n gé kéèkì fún mi, Múkáílà sọ ọ̀rọ̀ dáadáa, ọkàn mi kò sí níbẹ̀.

Bàbá Tóyìn ló là mí lọ́yẹ̀. Mo ti jókòó sílé fún oṣù bíi mélòó kan, mo ń ro ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́. Wọ́n ní, "Mojí, kí lo tún ń bẹ̀rù? Wọ́n ti gba bírò lọ́wọ́ rẹ." Wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n sìn mí dé etí títì.

Ọ̀sán ni mo dé Ọbẹ̀-Ò-Tán ní Inísà. Ìyá Fọlákẹ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jókòó ti oúnjẹ tiwọn. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ohun tí ènìyàn máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dé bá a lórí àwo.

"Ẹ bá wa jẹun."

Ẹnu mi ti là. "Á gba ibi ire" ti dé orí ahọ́n mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ń tì í jáde. Mo gbé e mì. Mo ní kí wọ́n fún mi lómi kí n fi fọwọ́.

Ó dìde, ó bu omi, ó gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja síwájú mi, ó sì jókòó tì mí. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ fa àwo mi sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ egungun ẹja kúrò fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fi ìka nu àwo.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ẹ ń kà yìí kì í ṣe ìwé ìmọ̀. Ìtàn iṣẹ́ ayé mi ni, mo sì lè sọ ohun tó bá wù mí níbẹ̀. Ìyá Fọlákẹ́ ló ni Ọbẹ̀-Ò-Tán. Ẹnu rẹ̀ ni orúkọ náà ti jáde, lábẹ́ àtíbàbà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé iná aláràbarà dé Ìkìrun. Ọbẹ̀ rẹ̀ ló gbé ọkọ mi dìde. Ó sì dùn. Bí ẹnì kan nínú yín bá mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ọ́fíìsì wa láti fi ṣe ẹlẹ́rìí, Múkáílà á bi í pé kí ni ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ sí onílé oúnjẹ náà. Ẹ má purọ́ fún un. Ẹ sọ fún un pé mo jẹ níbẹ̀.